Ẹ Má Tíì Gé Pákó Kankan: Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe Ẹ̀rọ CNC

Ìbéèrè: Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe ẹ̀rọ CNC, ìyẹn ẹ̀rọ agépákó tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí yóò máa gé plywood àti MDF (pákó tí a fi okùn igi kíkúnná ṣe) lórí tábìlì tó jẹ́ 600 mm ní ìbú àti 900 mm ní gígùn. Mo ti ra mọ́tọ̀ stepper NEMA 23 mẹ́rin (irú tó ń yí ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan), router kékeré alọ́wọ́mú kan tí yóò máa yí irin tó ń gé pákó, àti bọ́ọ̀dù tí GRBL, sọ́fítíwíà tó ń darí àwọn mọ́tọ̀, wà lórí rẹ̀. Èrò mi ni pé kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná, kí n tó wá ronú nípa eruku àti àwọn swíìṣì ààbò. Ṣé fákúùmù tí a fi ń gbálẹ̀ nínú ilé lè tó fún eruku rẹ̀? Owó tó kù lọ́wọ́ mi, spindle 2.2 kW (mọ́tọ̀ tó lágbára tí yóò rọ́pò router) ni mo fẹ́ fi rà. Yàrá tí mo fẹ́ lò kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ mi ń sùn.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó. Fákúùmù inú ilé kò tó, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ nígbà tí a bá débẹ̀. Èyí tó gba àlàyé ni ètò tí ẹ ní lọ́kàn. Kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ, òun náà ni ó sì ń mú kí wọ́n tú ẹ̀rọ palẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti tò ó tán, nítorí pé ìfaruku (fífa eruku kúrò) àti ààbò wà lára ohun tó ń pinnu bí apá tó ń gbé router sókè sódò yóò ṣe rí, ibi tí wáyà yóò gbà, bí tábìlì yóò ṣe jìnnà sí ògiri, àti iye ìhò tí a óò lu sára afárá tó ń gbé router kọjá lórí pákó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbòrí oníbúrọ́ọ̀ṣì tó ń yí bíìtì (irin eléyín tó ń gé pákó) ká ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá so ó mọ́ router fúnra rẹ̀, yóò máa bá router lọ sókè sódò. Nígbà tí bíìtì bá ń gé plywood 18 mm já, búrọ́ọ̀ṣì náà yóò ti tẹ̀ mọ́ pákó ní 18 mm, irun rẹ̀ yóò sì máa yà sí ẹ̀gbẹ́, títí kan ọ̀dọ̀ bíìtì tó ń yí. Bí ẹ bá so ó mọ́ àwo ẹ̀yìn tí ọ̀nà Z (apá tó ń gbé router sókè sódò) ń yọ̀ lórí rẹ̀, tí àwo náà kì í sì í lọ sókè sódò, ẹsẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì yóò dúró ní ibi kan náà lórí pákó láti ìbẹ̀rẹ̀ gígé títí dé òpin. Èyí ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí àyè wà láàárín router àti afárá fún họ́ọ̀sì, ó ń fẹ́ ìhò méjì tàbí mẹ́ta sára àwo ẹ̀yìn, ó sì ń fẹ́ kí tábìlì fi díẹ̀ gùn ju ibi tí bíìtì lè dé lọ, kí búrọ́ọ̀ṣì má bàa máa kọlu ògiri àpótí. Ta ni yóò rántí gbogbo ìyẹn lẹ́yìn tí ó ti de síkúrúù tó gbẹ̀yìn?

Nípa eruku fúnra rẹ̀, ìdí wà tí n kò fi fojú kékeré wò ó. Ní 1995, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa jẹjẹrẹ, fi eruku igi sí ìsọ̀rí kìíní, ìyẹn àwọn ohun tí ẹ̀rí fi hàn pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Imú àti àwọn ihò tó yí i ká ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. MDF tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Okùn igi tí a ti lọ̀ kúnná ni, gọ́ọ̀mù urea-formaldehyde ni wọ́n sì sábà máa ń fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀, formaldehyde pẹ̀lú sì wà ní ìsọ̀rí kìíní yẹn. Nítorí náà, gbàrà tí ẹ bá fi bíìtì kan MDF, ohun tó ti kúnná tẹ́lẹ̀ ni ẹ tún ń lọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan kí ẹ lè rí bí ohun tí à ń sọ ṣe kéré tó. Òfin ibi iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fàyè gba ju mílígíráàmù 3 eruku igi líle lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, bí a bá pín in ká wákàtí mẹ́jọ. Yàrá tó jẹ́ mítà 3 sí mítà 4, tí àjà rẹ̀ ga ní mítà 2.5, gba 30 kúbíìkì mítà, a jẹ́ pé mílígíráàmù 90 ni yóò gbé yàrá náà dé ààlà yẹn, kò sì tó ìdámẹ́wàá gíráàmù kan. Bẹ́ẹ̀, ojú ìlà kan ṣoṣo tí bíìtì 6 mm gbẹ́ sínú MDF, tó jin ní 6 mm tó sì gùn ní mítà kan, ń mú nǹkan bíi gíráàmù 27 jáde. Bí ìdá kan péré nínú 300 rẹ̀ bá léfòó, ẹ ti dé ààlà. Mo mọ̀ pé ààlà náà wà fún odidi ọjọ́ iṣẹ́, kì í ṣe fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ CNC kan lè gbẹ́ ọgọ́rùn-ún irú ìlà bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sán kan. Eruku tó wà lórí tábìlì tí ẹ ń fi ìgbálẹ̀ gbá kọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù. Èyí tí ojú kò rí, tó ń rìn nínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ẹ ti pa ẹ̀rọ, ni ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ bá àwọn ọmọ yín.

Ẹnu bíìtì ni ìfaruku ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Èérún tó nípọn díẹ̀ wúwo, ó máa ń bọ́ sílẹ̀ nítòsí bíìtì, fífà rẹ̀ kò sì le; èyí tó kúnná ni kì í balẹ̀. Ohun tó ń pinnu èyí tí ẹ óò rí ni bí eyín bíìtì kọ̀ọ̀kan ṣe ń bù tó nínú pákó nígbà tó bá yí dé ibẹ̀. Ẹ fi iye eyín bíìtì sọ iye ìyípo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan di púpọ̀, kí ẹ tún fi ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ kí eyín kan máa bù sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni eré tí router gbọ́dọ̀ máa fi rìn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń gbé router sí ìyípo 24,000, yóò sì ní kí ó máa rìn ní 500 mm ní ìṣẹ́jú kan. Bí bíìtì náà bá jẹ́ eléyín méjì, eyín kọ̀ọ̀kan ń bu nǹkan bíi 0.01 mm péré. Ní ìwọ̀n yẹn, bíìtì kò gé igi mọ́, ó kàn ń fara gbo ó ni. Ó ń lọ pákó di àtíkè, ó ń gbóná, etí ibi tó gé yóò sì máa dúdú. Bí ẹ bá gbé ìyípo wálẹ̀ sí 16,000, tí ẹ sì jẹ́ kí router rìn ní 1,920 mm ní ìṣẹ́jú kan, eyín kọ̀ọ̀kan yóò máa bu 0.06 mm. Ẹ óò gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ nínú ohùn ẹ̀rọ, ẹ óò sì rí i nínú ohun tó ń bọ́ sílẹ̀.

Ìdí rèé tí mo fi gbà pé líle ara ẹ̀rọ wà lára ọ̀rọ̀ eruku. Afárá tó ń mì kò lè gba eré 1,920 mm láìfi ojú gígé rẹ̀ ṣá wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ẹni tó ni ín yóò sì dín eré kù, yóò wá máa ṣe àtíkè. Lórí ara ẹ̀rọ, n kò ní pẹ́. Réèlì onígun tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 15 mm tàbí 20 mm, pẹ̀lú síkúrúù oníbọ́ọ̀lù 1605, tó nípọn ní 16 mm tó sì ń gbé nǹkan rìn ní 5 mm fún ìyípo kan, yóò ṣe ẹ̀rọ tó tó tiyín yìí dáadáa. Mọ́tọ̀ méjì yóò wà fún Y (síwájú sẹ́yìn), ọ̀kọ̀ọ̀kan fún X (sọ́tùn-ún sósì) àti Z. Mọ́tọ̀ stepper tó ń gbé ìgbésẹ̀ 200 fún ìyípo kan, bí ẹ bá tẹ driver rẹ̀ (bọ́ọ̀dù kékeré tó ń fún mọ́tọ̀ ní iná) sí ìdá mẹ́jọ, yóò gbé ìgbésẹ̀ 1,600. Ẹ pín in sí 5, ẹ óò rí 320 fún mílímítà kan, èyí tí ẹ óò kọ sí ààyè ètò $100, $101 àti $102 nínú GRBL. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ná owó sí jù lára igi àti irin ni ọ̀nà Z, nítorí pé òun ni ó ń gba gbogbo ìkọlù bíìtì.

Wàyí o, ìfaruku. Ohun kan wà lára router alọ́wọ́mú tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí, òun ni pé fáànù tirẹ̀ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára, púpọ̀ nínú wọn sì ń tú afẹ́fẹ́ náà jáde sísàlẹ̀, ní tààrà sórí bíìtì. Ẹ yọ bíìtì kúrò, ẹ tan router, kí ẹ sì na ìrépé bébà gígùn kan sí abẹ́ rẹ̀ láti ọ̀nà tó jìn díẹ̀. Bí bébà bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹ ti rí ohun tí yóò máa bá fákúùmù yín jà. Ẹ ṣe òrùka pẹlẹbẹ kan, ìbáà jẹ́ ti ike tàbí ti plywood, sí ọrùn router lókè ìbòrí oníbúrọ́ọ̀ṣì, kí ó máa darí afẹ́fẹ́ náà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má dí ihò ibi tó ń gbà jáde o, router yóò gbóná jó. Spindle tí omi ń tù kò ní wàhálà yìí, èyí sì ni nǹkan kan ṣoṣo tó lè mú mi gbà yín nímọ̀ràn láti ra spindle ní ìbẹ̀rẹ̀.

Orí họ́ọ̀sì ni a kàn. Kí èérún igi má bàa jókòó sínú páìpù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sáré tó nǹkan bíi mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Páìpù tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ 100 mm nílò nǹkan bíi 565 kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ ní wákàtí kan kí eré yẹn tó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ 50 mm nílò 141 péré. Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló sì wà. Àwọn kan ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀ pẹ̀lú agbára díẹ̀, àwọn ni ẹ̀rọ ńlá aláàpò tó ń lo páìpù 100 mm. Àwọn kejì ń fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú agbára púpọ̀, fákúùmù sì ni wọ́n. Ẹni tó bá so páìpù 100 mm mọ́ fákúùmù nítorí pé ó rò pé títóbi ló dára, ìsàlẹ̀ páìpù ni yóò ti máa kó èérún jọ. Fún tábìlì yín, fákúùmù oníṣẹ́ ọwọ́ tó dára, họ́ọ̀sì 50 mm tí inú rẹ̀ dán, àti búrọ́ọ̀ṣì tó kan pákó yí po yóò tó.

Kí ló dé tí ti inú ilé kò fi tó? Nínú ọ̀pọ̀ fákúùmù ilé, afẹ́fẹ́ tó ń fà náà ni ó ń tu mọ́tọ̀ rẹ̀ lára. Eruku MDF yóò dí asẹ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò dín kù, mọ́tọ̀ yóò sì máa gbóná níbi tí kò yẹ kí ó gbóná, pẹ̀lú àpò tó kún fún ohun tó lè gbiná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti oníṣẹ́ ọwọ́ sábà máa ń ní afẹ́fẹ́ ìtumọ́tọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Síbẹ̀, òun náà nílò cyclone níwájú rẹ̀, ìyẹn ohun oníríísí àrọ tí afẹ́fẹ́ ń yí bìrìpó nínú rẹ̀, tí èérún sì ń bọ́ sínú korobá lábẹ́ kí ó tó dé asẹ́. Ẹ lo korobá tó nípọn, nítorí pé bí họ́ọ̀sì bá dí lójijì, agbára fákúùmù yóò tẹ korobá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ dí etí ìdérí rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà. Ìhò tí kò tó orí abẹ́rẹ́ níbẹ̀ ti tó láti máa gbé èérún padà sókè. Kí korobá tó kún ìdajì ni kí ẹ ti dà á nù.

Cyclone kì í mú èyí tó kúnná jù, asẹ́ ni yóò mú un. Ẹ wá asẹ́ HEPA H13, tó ń dá 99.95% dúró nínú irú eruku tó nira jù lọ láti mú. Ṣùgbọ́n nítorí àwọn ọmọ yín, èyí tí mo fẹ́ jù ni pé kí ẹ gbé fákúùmù náà sí ìta lábẹ́ ìbòrí, tàbí kí ẹ fi páìpù darí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ síta, kí fèrèsé kan sì ṣí sílẹ̀ fún èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹ dí abẹ́ ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé. Ìbòmú FFP2 tàbí N95 kò ní kúrò lójú yín pẹ̀lú gbogbo èyí, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń da korobá nù tàbí tí ẹ bá ń gbọn asẹ́, nítorí pé ìgbà náà gan-an ni eruku pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan kù lórí họ́ọ̀sì. Èérún gbígbẹ tó ń fara gbo ike máa ń kó iná mànàmáná sára rẹ̀, iná náà a sì máa fò sára ohun tó bá sún mọ́ ọn. Ó lè ta yín, ìyẹn kò burú púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún lè já kọ̀ǹpútà kúrò lára bọ́ọ̀dù GRBL ní àárín iṣẹ́, kí pákó sì bàjẹ́. Ẹ ra họ́ọ̀sì tó ń gbé iná kọjá, tàbí kí ẹ fi wáyà bàbà tí kò ní awọ yí họ́ọ̀sì ká láti òkè délẹ̀, kí ẹ sì so orí rẹ̀ mọ́ wáyà ẹ́ẹ̀tì.

Nísinsìnyí, bọ́tìnnì pàjáwìrì, níbi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù nínú ẹ̀rọ àwọn ènìyàn. Wọ́n á ra bọ́tìnnì pupa ńlá, wọ́n á so ó mọ́ ẹsẹ̀ reset lára bọ́ọ̀dù GRBL, wọ́n á ní ó parí. Ohun tí bọ́tìnnì yẹn ṣe ni pé ó bẹ sọ́fítíwíà pé kí ó dúró. Router ṣì ń yí, nítorí pé iná tirẹ̀ kò gba ọ̀dọ̀ GRBL kọjá rárá. Bọ́tìnnì pàjáwìrì gbọ́dọ̀ fi wáyà gé iná láìjẹ́ pé sọ́fítíwíà kankan wà láàárín, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tó máa ń há sísàlẹ̀ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ títí ẹnìkan yóò fi yí i sókè, ojú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó máa ń pàdé nígbà tí a kò tẹ̀ ẹ́, kí wáyà tó já lè dá ẹ̀rọ dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni pé a tẹ bọ́tìnnì ni.

Bí mo ṣe máa tò ó rèé. Kọ́ńtákítọ̀ kan, ìyẹn swíìṣì ńlá tí iná 24 V ń fà wọlé, ni iná router, ti fákúùmù àti ti àwọn driver mọ́tọ̀ yóò gbà kọjá. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ni yóò fà á wọlé, ojú kan lára kọ́ńtákítọ̀ náà ni yóò sì máa dì í mú lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́wọ́ kúrò. Bọ́tìnnì pupa yóò wà lójú ọ̀nà iná tó ń dì í mú. Èrè ńlá tó wà nínú ètò yìí ni pé bí iná bá lọ, kọ́ńtákítọ̀ yóò jábọ́, nígbà tí iná bá sì dé, ohunkóhun kò ní tan fúnra rẹ̀. Láìsí i, router tí swíìṣì rẹ̀ wà ní títàn yóò ta kìjí nígbà tí iná bá dé, bóyá nígbà tí ọwọ́ yín wà lára bíìtì. Àwọn kan yóò béèrè ìdí tí mo fi ní kí bọ́tìnnì pupa pa fákúùmù pẹ̀lú. Bí ohun tó mú yín tẹ bọ́tìnnì bá jẹ́ iná tó ń jó, fákúùmù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ yóò máa fẹ́ ẹ, yóò sì máa gbé ẹyin iná lọ sínú korobá tó kún fún èérún. Ẹ tún lo ojú kejì lára bọ́tìnnì náà láti sọ fún ẹsẹ̀ reset GRBL pé iná ti lọ, kí ó má bàa máa rò pé òun ṣì ń gé nǹkan, kí ẹ sì fi àṣẹ $H dá ẹ̀rọ padà sí ilé rẹ̀ (ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìrìn rẹ̀) kí iṣẹ́ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fura sí ọ̀nà Z níbí yìí. Síkúrúù oníbọ́ọ̀lù kì í di ara rẹ̀ mú. Nígbà tí bọ́tìnnì bá gé iná mọ́tọ̀, ohun tó bá wúwo lórí Z lè yí síkúrúù náà padà, kí ó sì já wálẹ̀ pẹ̀lú bíìtì tó ṣì ń yí lọ. Router kékeré lè má wúwo tó bẹ́ẹ̀, spindle 2.2 kW wúwo tó bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ lo mọ́tọ̀ tó ní bíréèkì fún Z, tàbí sípíríǹgì tó ń gbé e sókè, tàbí síkúrúù lásán tí kì í ṣe oníbọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá sì padà ra spindle lọ́jọ́ iwájú, ẹ má fi kọ́ńtákítọ̀ sáàárín VFD (àpótí tó ń fún spindle ní iná, tó sì ń darí eré rẹ̀) àti spindle, nítorí pé gígé iná níbẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lè ba VFD jẹ́. Ojú iná tó ń wọ VFD ni kọ́ńtákítọ̀ ń gbé. Kapásítọ̀ inú VFD sì máa ń di iná mú fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ lára iná, nítorí náà ẹ má ṣí i lójú ẹsẹ̀.

Swíìṣì ààlà tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tó máa ń pàdé bákan náà, fún ìdí kan náà. Ẹ tan $21 fún ààlà, $22 fún wíwá ilé, lẹ́yìn náà $20, kí GRBL lè kọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ jáde kúrò lórí tábìlì. Mọ́tọ̀ router àti ti fákúùmù ń da ariwo iná mànàmáná, èyí tí etí kò lè gbọ́, sínú wáyà, ariwo náà sì lè tan swíìṣì wọ̀nyí jẹ kí ẹ̀rọ máa dúró láìnídìí. Ẹ̀yin yóò bínú, ẹ óò sì fẹ́ pa $21. Ẹ má ṣe é. Wáyà tó ní ìbòrí irin, tí a so ìbòrí náà mọ́ ẹ́ẹ̀tì ní orí kan ṣoṣo, tí a sì gbé jìnnà sí wáyà router, ni ó ń wo àrùn yẹn sàn. Gbogbo irin ara ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kan ẹ́ẹ̀tì, kí bíréékà 30 mA tó ń gé iná nígbà tó bá ń jò sì wà lójú ọ̀nà.

Iná jíjó ni ewu tó sún mọ́ yín jù. Ọ̀nà tó sábà máa ń gbà wá ni pé pákó yẹ̀ tàbí mọ́tọ̀ kan pàdánù ìgbésẹ̀, bíìtì dúró sójú kan, ó sì ń yí nìṣó títí igi fi di ẹyin iná. Ọ̀nà kejì ni síkúrúù tí a fi de pákó mọ́ tábìlì, tí bíìtì wá kọlù. Ẹ de pákó pẹ̀lú síkúrúù ike níbi tí bíìtì lè dé, tàbí kí ẹ lo téèpù àti gọ́ọ̀mù. Ẹ má fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ jẹun. Sílíńdà apaná oníyẹ̀fun ni kí ó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀rọ, kí ẹ má bàa ní láti la iná kọjá kí ọwọ́ yín tó tẹ̀ ẹ́. Ẹyin iná tó bá ti wọ korobá lè máa rú èéfín lábẹ́lẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ kí ó tó gbiná, nítorí náà ẹ da èérún sínú agolo onírin tó ní ìdérí, kí ó sùn síta, kí ohun tó ń ké nígbà tó bá gbóòórùn èéfín sì wà nínú yàrá náà. Ẹ má sì fi fákúùmù kan náà fa èérún alumíníọ̀mù àti ti igi.

Àpótí tó bo ẹ̀rọ yóò dín ariwo kù, ṣùgbọ́n ẹ fi ihò kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún afẹ́fẹ́ tí fákúùmù yóò fà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ búrọ́ọ̀ṣì yóò kàn máa tiraka lásán ni. Polycarbonate ni kí ẹ fi ṣe ojú tí a ń gbà wo inú, nítorí pé acrylic máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ ẹlẹ́nu mímú nígbà tí bíìtì tó kán bá lù ú. Swíìṣì ilẹ̀kùn yóò tò tẹ̀lé bọ́tìnnì pupa lórí wáyà kan náà. Àwọn kan fẹ́ràn kí ilẹ̀kùn kàn dá iṣẹ́ dúró díẹ̀ nípasẹ̀ GRBL kí wọ́n lè máa bá a lọ. Nínú ilé tí ọmọdé wà, n kò fara mọ́ ọn. Ẹ di gíláàsì mọ́jú, ẹ di etí, ṣùgbọ́n ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ nítòsí ohun tó ń yí.

Kí pákó àkọ́kọ́ tó gorí tábìlì, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ rìn lófìfo, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa nígbà tó ń sáré lọ́wọ́, kí ẹ sì wo bóyá Z já wálẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ swíìṣì ààlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ wáyà kan lára wọn, kí ẹ rí i pé ẹ̀rọ kọ̀ láti lọ. Ẹ pa iná láti orí bíréékà, kí ẹ dá a padà, kí ẹ rí i pé ohunkóhun kò tan. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ gé ìrépé MDF kan ní alẹ́, pẹ̀lú ìbòmú lójú yín, kí ẹ pa gbogbo gílóòbù, kí ẹ sì gbé tọ́ọ̀ṣì tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mú sí òdìkejì ẹ̀rọ, kí ó kọjú sí ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ wá fi pálí bo ojú tọ́ọ̀ṣì náà kúrò lójú yín. Eruku tí ẹ kò rí ní ọ̀sán yóò hàn gbangba nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Bí ó bá ń jáde lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì, ẹ sọ irun rẹ̀ di gígùn tàbí kí ẹ dín ìyípo router kù. Bí ó bá ń jáde lẹ́yìn fákúùmù, asẹ́ rẹ̀ kò jókòó dáadáa tàbí kò dára.

Owó tí ẹ fẹ́ fi ra spindle 2.2 kW, ẹ fi ra kọ́ńtákítọ̀, cyclone, fákúùmù oníṣẹ́ ọwọ́ àti asẹ́ rẹ̀. Router tó wà lọ́wọ́ yín yóò gé plywood àti MDF fún ìgbà pípẹ́.